Nọ́ọ̀sì Tó Wọ Ilé Aṣòfin Texas

(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ bá ìpàdé sọ)

  

Nígbàkigbà tí ẹ bá pe àwa nọ́ọ̀sì síwájú, ohun tí ẹ máa ń retí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, àti iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ní tán, a óò tún padà sórí wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ aṣòfin kan la bá wá. Ẹ má ṣe rò pé a ti fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ bá àwọn olóṣèlú. Nọ́ọ̀sì ni ẹni náà, bíi tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Eddie Bernice Johnson. Ó ṣojú àwọn ará Dallas ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ìpínlẹ̀ Texas, ó tún ṣojú wọn ní ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà, lẹ́yìn èyí ó lo ọdún 30 ní Washington kí ó tó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kìíní 2023. Ọjọ́ tí ọdún náà parí gan-an, 31 oṣù Kejìlá 2023, ni ó dágbére fáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárín ìlú Dallas, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Union Station. Orúkọ tó wà lára ògiri kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́.

Ìlú Waco ni wọ́n ti bí i, ní ìpínlẹ̀ Texas yìí náà. Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìlànà ìyàsọ́tọ̀ funfun àti dúdú ṣì wà lórí ilẹ̀, kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wù ú ní ìpínlẹ̀ ara rẹ̀ tó máa gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Saint Mary's College lọ ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí òtútù ti ń mú ju ohun tí ọmọ Waco mọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Nígbà tó padà sí Texas, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Dallas. Ọdún 16 ló lò níbẹ̀. Ẹ̀ka àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ló ti ṣiṣẹ́, ó sì gòkè títí ó fi di olórí nọ́ọ̀sì ẹ̀ka náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní ilé ìwòsàn ọ̀hún. Láàárín iṣẹ́, ó tún lọ sí Texas Christian University, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ní 1967. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ alẹ́ rí, tí a sì wọ kíláàsì láàárọ̀, kò sí ẹni tó ní láti là á yé wa.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ló gbájú mọ́. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé ìtajà ńlá kan wà ní Dallas tí obìnrin aláwọ̀ dúdú lè fowó ra fìlà tàbí bàtà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbé e wò bóyá ó bá a mu. Johnson wà lára àwọn obìnrin 50 tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n kọ̀ láti ná owó wọn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ ọjà, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó yé olùtajà bíi kí oníbàárà yí ẹ̀yìn padà. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ kí ó tó di pé ó tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa nìyí. Kí ó tó di 1972, gbogbo káńtì Dallas lódindi ni ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo fún gbogbo ìjókòó tó ní nínú ilé aṣojú ìpínlẹ̀ Texas. Gbogbo olùdìbò káńtì ló ń dìbò lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo ará gúúsù Dallas bá fẹnu kò sórí ẹnìkan, àwọn ìyókù káńtì tó pọ̀ jù wọ́n lọ lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, aláwọ̀ dúdú méjì péré ló ti káńtì náà wọ ilé aṣojú ìpínlẹ̀. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Kìíní 1972, kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n pín Dallas sí ẹkùn kéékèèké, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan yan aṣojú tirẹ̀. Ní 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní White v. Regester.

Nílé wa, pèrègún la fi ń pààlà oko. Ẹni tó bá mọ ibi tí pèrègún wà ló mọ ẹni tí yóò kórè kòkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààlà ẹkùn ìdìbò ṣe rí. Àwọn ènìyàn tó wà ní gúúsù Dallas ní 1970 náà ló wà níbẹ̀ ní 1972. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n, wọn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. Ààlà ló yí padà, ohùn wọn sì jáde.

Àyè ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè kì í wọlé ìbò fúnra rẹ̀. Òfin kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láyè láti díje lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí Johnson tó lè jáde, ó ní láti fi iṣẹ́ ọdún 16 sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan lọ́rùn rẹ̀ láti tọ́. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò: iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù tí kì í yẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó gbé e sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1972, ó wọlé, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Dallas dìbò yàn sí ipò ìjọba. Ó tún díje ní 1974 àti ní 1976, wọ́n sì tún dá a padà.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ilé tó wọ̀ yẹn, nítorí pé òun náà ló ń ṣe òfin lé wa lórí títí dòní. Ọmọ ilé aṣojú Texas jẹ́ 150, ọdún méjì méjì sì ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó tún padà wá tọrọ ìbò. Ọmọ ilé aṣòfin àgbà jẹ́ 31, ọdún mẹ́rin ni tiwọn. Ọdún tí kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń jókòó, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní, fún ọjọ́ 140 péré, àfi bí gómìnà bá pè wọ́n padà fún ìjókòó àkànṣe. Owó oṣù wọn jẹ́ 600 dọ́là, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ibùgbé fún ọjọ́ ìjókòó. Ẹni tó bá ń wá owó kò ní ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, lọ́yà, oníṣòwò, àgbẹ̀, ló pọ̀ níbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì ṣọ̀wọ́n.

Láàárín irú ilé bẹ́ẹ̀, ní sáà rẹ̀ kejì, wọ́n fi Johnson ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Kò tíì sí obìnrin tó ṣe alága ìgbìmọ̀ pàtàkì kan nínú ilé aṣojú Texas ṣáájú rẹ̀. Ní 1976, bó ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ aṣòfin náà, ó tún gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba ní Southern Methodist University. Ní 1977, Ààrẹ Jimmy Carter yàn án láti ṣe olórí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ aráàlú, ẹ̀ka tó ń bójú tó Texas àti ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Nítorí èyí ló ṣe kúrò nílé aṣòfin.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ní 1986, ó padà wá, ó díje fún ilé aṣòfin àgbà, ó sì wọlé. Ṣáájú rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló tíì jókòó nínú ilé yẹn, ìyẹn Barbara Jordan, ọmọ Houston, tó wọlé ní 1966. Àwọn ọdún yẹn ni àrùn éèdì ń jà kálẹ̀, tí ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá láti fọwọ́ kan aláìsàn. Johnson wà lára àwọn tó ń jà nílé aṣòfin pé kí aláìsàn éèdì rí ìtọ́jú láìsí ẹ̀tanú. Ẹni tó ti tọ́jú ènìyàn tí gbogbo ayé ń sá fún mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi yẹ.

A kò wá síbí láti sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àkọsílẹ̀ aṣòfin, kí ó ka apá ọ̀tún, kí ó ka apá òsì. Ní 1991, lẹ́yìn ìkànìyàn, òun ni alága ìgbìmọ̀ kékeré tó ń ya ààlà àwọn ẹkùn Washington nínú ilé aṣòfin àgbà Texas. Ẹkùn tuntun kan jáde ní Dallas, ẹkùn 30. Ní 1992, òun fúnra rẹ̀ ló díje níbẹ̀, ó sì gba ìbò tó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan sọ pé ó gé aṣọ náà sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé bí kò bá gé e, aláwọ̀ dúdú Dallas kò ní rí aṣọ wọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, nínú ẹjọ́ Bush v. Vera. Ní oṣù Kẹfà 1996, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ẹkùn náà àti méjì mìíràn ní Texas kò bá òfin mu, pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ti pọ̀ jù nínú bí wọ́n ṣe ya ààlà wọn. Wọ́n tún ààlà yà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó tún díje nínú ẹkùn tuntun, láàárín ọ̀pọ̀ olùdíje, àwọn ènìyàn sì tún dá a padà. Ìyẹn fi hàn pé ààlà lè ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò mú un dúró nínú ilé.

Ní 2010 pẹ̀lú, ìròyìn jáde pé owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, ó sì san owó náà padà, ó lé ní 31,000 dọ́là. A sọ èyí nítorí pé ojú tí a fi ń wo àwọn aṣòfin ilé ní Nàìjíríà, ojú kan náà ló yẹ kí a fi wo ti ibí. Ẹni tí a fẹ́ràn ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù.

Ní Washington, òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìgbà 15 ni àwọn ará Dallas rán an lọ síbẹ̀, láti 1992 títí dé 2020. Láti 2019 títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nílé aṣojú, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nípò náà.

Ẹ lè béèrè pé: kí ló kàn wá? Ó kàn wá o. Láísẹ́ǹsì tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe Washington ló ń fún wa. Òfin ìpínlẹ̀ ló dá àjọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1909, òfin ìpínlẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ní 2009, ilé aṣòfin Texas ṣe òfin pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá mú nọ́ọ̀sì ṣe ófátáìmù, àfi nígbà àjálù tàbí pàjáwìrì irú èyí tí òfin náà dárúkọ. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 12, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, òfin yẹn ló wà láàárín òun àti àṣìṣe. Láàárín aláìsàn àti àṣìṣe náà ló sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ẹ́ sùn sórí ibùsùn yẹn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bó ṣe kàn wá lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Medicaid. Òfin ìlera 2010 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ fẹ̀ ẹ́ láti gba àgbàlagbà púpọ̀ sí i tí owó wọn kéré. Àwọn tó ń ṣàkóso Texas kò tíì gbà á. Texas náà ló sì ti ń mú ipò iwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iye ènìyàn tí kò ní ìbánigbófò ìlera. A ń rí wọn ní ilé ìwòsàn pàjáwìrì: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ìbá rọ̀ pẹ̀lú oògùn olówó pọ́ọ́kú, tó wá dé nígbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Bóyá ẹ fara mọ́ fífẹ̀ ẹ́ o, bóyá ẹ kò fara mọ́ ọn o, ní Austin ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe nílé Ààrẹ.

Bí ìdìbò bá ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níhìn-ín kì í sùn. Wọ́n á máa pe Ìbàdàn, wọ́n á máa pe Èkó, wọ́n á mọ iye ìbò wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ó dára, ilé ni ilé ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú àdúgbò tí wọ́n kọ́lé sí, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹkùn aṣojú kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 194,000 ènìyàn ninu, gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2020. Nínú ìdìbò abẹ́lé tó máa ń wáyé ní oṣù Kẹta, àwọn díẹ̀ ló ń jáde, àwọn díẹ̀ náà ló sì ń yan ẹni tí gbogbo ìyókù yóò máa pè ní aṣojú. Ní ẹkùn tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ti lágbára jù, oṣù Kẹta yẹn ni ọ̀rọ̀ ti parí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀ yín.

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ọjọ́ 30 kí ìdìbò tó dé, ó gbọ́dọ̀ ti parí. Fọ́ọ̀mù náà kò le: ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì káńtì yín. Ẹni tó bá ṣí kúrò ní káńtì kan lọ sí òmíràn ní láti tún un ṣe.

Èkejì, a fi ọwọ́ méjèèjì bẹ ẹ̀yin tí green card ṣì wà lọ́wọ́ yín, tàbí físà: ẹ má forúkọ sílẹ̀, ẹ má dìbò. Bí wọ́n bá na fọ́ọ̀mù sí yín níbi tí ẹ ti lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ sọ pé rárá. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tó dìbò lè fi ojú ba kóòtù, ó sì lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ti búra. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ má kọ lẹ́tà sí aṣòfin, tàbí kí ẹ má lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀yin náà ló ń ṣojú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá ti pé ọdún 17 àti oṣù 10 lè forúkọ sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú, kí ó lè dìbò nígbà tó bá pé 18. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti pé ọdún 65, ẹ lè béèrè kí wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé fún yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò wà nítorí tiyín, ẹ má fi iṣẹ́ ṣe àwáwí.

Ẹ̀kẹrin, a ń wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò yọ̀ǹda ara wọn. Ní Texas, ẹnikẹ́ni kò lè máa gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú káàkiri àfi kí káńtì ti kọ́kọ́ fún un láṣẹ. Ẹ̀kọ́ kékeré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì búra. Bí a bá ní irú wọn nínú ẹgbẹ́, tábìlì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi ìpàdé tàbí ìkómọjáde ti tó. Ibi tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ibẹ̀ náà la ó ti máa gba fọ́ọ̀mù.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Obìnrin 50 ló jáde lórí ọ̀rọ̀ fìlà àti bàtà. Àwa tó wà nínú gbọ̀ngán yìí lónìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ẹ máa kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé.